Ibùsùn Tó Ń Dìde Dúró Láàárọ̀

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àmójúkúrò mi pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá Kékeré ló máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí, torí ìwé tínńtínní kò bá ojú yín lára mu mọ́, ẹ̀rọ ìlagi sì ti jẹ etí yín débi pé ọ̀rọ̀ fóònù kò wọ̀ ọ́ dáadáa. Nítorí náà, Ọ̀gá, ọmọbìnrin mi, mo kí ẹ. Má fo ìlà kankan o. Ìwọ tó ń dúró ti Bàbá Àgbà nínú ìsọ̀ tí o ń pàṣẹ fún un bí ẹni pé ìwọ lo kọ́ ọ níṣẹ́, mo mọ̀ pé o lè kà á já.

Bàbá, wọ́n ti dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú òkèèrè níbí lórí ọ̀rọ̀ mímú ọmọ mi wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn kò kọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan máa wá wo ibi tí mò ń gbé lọ́jọ́ ogún oṣù Kẹrin. Ó gbọ́dọ̀ bá ibùsùn tó jẹ́ ti ọmọ náà nìkan, kó sì bá tábìlì tí ọmọ máa fi kàwé. Bí kò bá bá a, kò ní fọwọ́ sí ìwé. Bí ọdún yìí bá sì parí láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, ìwé náà ti kú nìyẹn, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó tún fi ọdún mẹ́rin dúró.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní. Inú rẹ̀ ni mo ń sùn, inú rẹ̀ ni mo ń dáná, inú rẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, tí mo fi ń tún aṣọ àwọn èèyàn ṣe bí mo bá ti ilé ìfọṣọ dé. Bí mo ṣí ilẹ̀kùn, ó ń kan àga. Bí mo sún àga, ó ń kan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà mi kan lọ́jọ́ sí, mo sì rí ohun kan nílé rẹ̀: ibùsùn tí wọ́n ń gbé dìde láàárọ̀, tó ń fara ti ògiri, tí gbogbo ilẹ̀ á sì ṣófo. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ kàn fúnra mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ẹ kò kọ́ mi níṣẹ́, èérún pákó lẹ ní kí n máa gbá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbálẹ̀ náà ní ojú.

Ọ̀gá, dúró níbí. Fún Bàbá Àgbà ní ìwé, kó fi ojú ara rẹ̀ ka ìyókù. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ nítorí ìyẹn ni.

BÀBÁ, NÍGBÀ TÍ MO PÈ LỌ́SẸ̀ TÓ KỌJÁ, ỌMỌ MI PÈ MÍ NÍ ÀǸTÍ. Ọ̀RỌ̀ NÁÀ DÙN MÍ DÉ EEGUN. ỌMỌ ỌDÚN MẸ́TA NI NÍGBÀ TÍ BÀBÁ RẸ̀ KÚ TÍ MO KẸ́RÙ KÚRÒ NÍLÉ. Ó TI PÉ MÉJE. N KÒ FẸ́ KÓ DI ÀLEJÒ SÍ MI. Ẹ RÀN MÍ LỌ́WỌ́.

Ọmọ yín,
Ìyá Ọ̀gá


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní

Ìyá Ọ̀gá, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ kò jẹ ọ́ níyà jù? Àwa wà, a ń jẹ, a ń mu. Ọ̀gá ka lẹ́tà rẹ sí mi létí bí ẹni tó ń kéde. Gbogbo òpópónà yìí ló ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ ń kan àga.

Mo kọ́kọ́ bínú, n kò ní tàn ọ́. Ibùsùn tó ń rọ̀ mọ́ ògiri? Ṣé àdán lọmọ ni? Ọmọ tó ń na ọwọ́ na ẹsẹ̀ níbí, tó ń sáré láti ìsọ̀ mi dé ẹ̀yìnkùlé láìfẹsẹ̀ kọ nǹkan, o fẹ́ máa ká a mọ́ ògiri bí agboòrùn. Kí ló dé tí o kò gba yàrá tó tóbi? Mo ti ń to ọ̀rọ̀ jọ tí màá fi bá ọ wí nígbà tí Ọ̀gá bi mí pé, "Bàbá Àgbà, ṣé ibùsùn yẹn máa ń gbé èèyàn dìde tílẹ̀ bá mọ́ ni?" Mo ní rárá, èèyàn á kọ́kọ́ dìde ná. Ó ní ìyẹn dáa, torí òun ò ní fẹ́ kó ká òun mọ́nú kóun máa kàn gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ìta. Ẹ̀rín bá pa mí, mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ wí.

Mo ti kan ibùsùn fún ìyàwó tuntun, mo ti kan fún arúgbó tí kò lè gun òkè, n kò tíì kan èyí tó ń dìde rí. Ṣùgbọ́n igi ni igi ń jẹ́. Gbọ́ bí mo ṣe rò ó. Kan férémù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Má wo bó ṣe kéré tó lónìí, ọmọ ń dàgbà, igi tí a ti gé kò ní dàgbà mọ́. Fi híńjì mẹ́ta, irú ti ilẹ̀kùn, so ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kan mọ́ igi kan tí o máa kàn mọ́ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí o ṣe ẹsẹ̀ méjì tó ń ká sí. Tí o bá gbé e dìde, ìdí ibùsùn ni yóò kọjú sí yàrá. Kan pákó fẹ́lẹ́ kan mọ́ ìdí yẹn, tí yóò máa ṣí wálẹ̀ bíi fèrèsé. Òun ni tábìlì. Lọ́sàn-án tábìlì, lálẹ́ ibùsùn, àwọn méjèèjì kò sì ní du àyè mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí o bá fẹ́ mú un mọ́ ògiri, lu ihò, fi èèkàn igi dí ihò náà pa, kí o tó yí ìṣó wọ inú èèkàn.

O mọ òfin ìsọ̀ mi. Kò sí ibùsùn tó ń jáde níbẹ̀ tí ẹni tó kàn án kò kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lé. Bó bá máa já, kó já lábẹ́ ẹni tó jẹ̀bi.

Mo rí ìlà gàdàgbà tí o kọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Fọ́tò rẹ wà lára ògiri ìsọ̀, àwọn oníbàárà ló máa ń bi í pé, "Àǹtí inú fọ́tò yìí ńkọ́?" Mo ti kìlọ̀ fún wọn.

Bàbá rẹ, káfíńtà


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀gá, mo kí ẹ, mo gbọ́ pé o ti mọ ìwé kà ju olùkọ́ rẹ lọ.

Férémù ti parí. Aládùúgbò kan kó jáde nílé yìí, ó ju kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ síta. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti tú u palẹ̀, pákó rẹ̀ sì gbẹ dáadáa. Ọwọ́ mi ti bó níbi mẹ́rin. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ wa bi mí pé irú ọṣẹ wo ni mo ń lò tó ń bó èèyàn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá onílé ń gbé nísàlẹ̀ mi, bí mo bá ti lu ìṣó mẹ́ta, á fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ báyìí, ó yé wa.

Mo gé igun kìíní ní wíwọ́. Mo gbọ́ ohùn yín pé, "Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì." Mo tú u, mo tún un gé. Bàbá, mi ò mọ̀ pé inú mi lè dùn sí igun méjì tó pàdé.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan dé. Mo fi ìka kan ògiri, ó dún bí agolo òfìfo. Mo lu ihò bí ẹ ti wí, ẹfun funfun dà jáde, lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan kan mọ́. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n. Pákó ẹlẹ́fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni wọ́n gbé kọjú síra, àárín wọn ṣófo. Mo ti èèkàn igi bọ ihò, ó jábọ́ sínú ògiri, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Kí ni kí n ṣe? Mo bi ẹni tó ń ta ìṣó, ó ń kánjú, ohun tó sọ kò yé mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó lè sọ ọ́ bí màá ṣe gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, oṣù Kẹrin kò jìnnà mọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ṣé kò sí o? Mo pe fóònù, ẹ ní "ẹn, ẹn," ẹ gbé e fún Ọ̀gá, Ọ̀gá sì ní ẹ̀yin ti jáde lọ ra pákó, owó fóònù mi sì tán kí n tó bi í nípa ìwé mi. Mo ń ṣí àpótí ìwé nísàlẹ̀ láàárọ̀, mo ń ṣí i nírọ̀lẹ́. Bí lẹ́tà mi bá sọnù, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: ògiri yàrá mi ṣófo nínú, èèkàn kò dúró nínú rẹ̀, n kò mọ ohun tí màá so ibùsùn mọ́. Gbogbo ìyókù ti ṣetán. Tábìlì ń ṣí, ó ń pa dé. Mo ti kùn ún ní àwọ̀ ọ̀run.

Ìdáhùn ìlà méjì péré tó. Bí ojú bá ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá kọ ọ́.

Ọmọ yín tó ń retí


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Ìyá Ọ̀gá,

Báwo ni? Ìwé rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni. Ìwé máa ń pẹ́ lọ́nà nígbà mìíràn.

Ara wa le. Ọ̀gá húkọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ń lọ. Ó gba ipò kejì nílé ìwé. Ó kan àpótí kékeré kan fúnra rẹ̀, mo bá a mú igi dání ni, n kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ń kó ṣọ́ọ̀kì mi sí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣọ́ọ̀kì nínú ìsọ̀ yìí báyìí, ọwọ́ ọmọ yẹn ló ti máa gbà á.

Mo ń rò ó pé ọmọ náà kéré. Ibi tí o wà tutù, o sì sọ fún mi pé ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lo máa ń délé. Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un? Ṣé kò ní dáa kí a mú ọdún kan sí i, tàbí méjì, kí egungun rẹ̀ gbó díẹ̀? Ohun tí a bá rọra ṣe kì í bàjẹ́.

Ní ti ògiri, a ó máa rò ó.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí obìnrin náà tó wá. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti ya á, mo rò pé ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Mo kà á tán, mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. "A ó máa rò ó."

Mo bá ṣe é bí mo ṣe mọ̀. Mo ra ìṣó tó gùn jù lọ, mo yí mẹ́wàá wọ inú ògiri náà. Ó mú. Mo gbé ibùsùn dìde, ó dìde. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí òfin ìsọ̀, mo bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀ sí i. Ó gbà mí fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá já lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kó ògiri bọ̀. Mo wà nílẹ̀, ẹfun bò mí lójú, ìyá onílé kò tilẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà, ó sáré gòkè wá fúnra rẹ̀. Òun ló gbé mi dìde.

Obìnrin ọ́fíìsì dé lọ́jọ́ kejì. Ó bá ihò tí ọmọ malúù lè kọjá, ó bá ibùsùn tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó ṣàánú mi, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí i. Ó fún mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo sí i: ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje. Kò sí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn lọ́dún yìí.

Bàbá, ǹ bá kọ gbogbo èyí pẹ̀lú sùúrù bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Mo pe Ọ̀gá láti sọ fún un pé ó di ìgbà mìíràn. Ó ní, "Ṣé nítorí ògiri tó ń dún bí agolo yẹn ni? Mo ti kà á fún Bàbá Àgbà, ó pẹ́. Inú àpótí irinṣẹ́ ló fi í sí." Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní kí wọ́n tó gba ìsinmi nílé ìwé ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta.

Ẹ ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni. Ẹ kò parọ́ fún mi rí. Nígbà tí màmá ń ṣàìsàn, gbogbo èèyàn ló ní yóò dìde, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn yín, n kò sì mọ ohun tí màá rò nípa yín lónìí. Ẹ kàn sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ ka ìwé yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi rí gàdàgbà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé bàbá kì í sábà bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ni ìwé ògiri dé. Kí Ọ̀gá tó kà á tán ni mo ti mọ ohun tó yẹ kí o ṣe sí ògiri náà. Ó ní, "Bàbá Àgbà, kí la máa sọ fún wọn?" Mo ní n kò tíì mọ̀. Mo fi ìwé náà sábẹ́ ìfági, mo pa àpótí dé. Lójoojúmọ́ ni mo ń ní ọ̀la ni màá kọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ibùsùn náà kò bá dúró, ọmọ náà kò ní lọ. Mo ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ìwé rẹ àkọ́kọ́ ti dé. Mo fọwọ́ ara mi fi ìwọ̀n ibùsùn ránṣẹ́ sí ọ, nígbà tí o wá sọ pé igun ti pàdé igun, ẹ̀rù bà mí.

Látìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ilé yìí kò ní ohùn mìíràn. N kì í gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ, mo kàn ń mi orí fún wọn ni. Ti ọmọ yìí nìkan ni mo ń gbọ́ látòkè délẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kò tó ìdí, mo mọ̀. Ìwọ lo bí i. O sì ṣubú. Káfíńtà ni mí láti ọdún mọ́kàndínlógójì, kò sí ẹni tó jábọ́ lórí ibùsùn mi rí, ọmọ tèmi ni mo wá fi bẹ̀rẹ̀.

Gbọ́ iṣẹ́ náà wàyí. Má fi ẹrù kankan kọ́ ògiri náà. Kan àpótí gígùn sílẹ̀, kó gùn bí ibùsùn ṣe gùn, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kó ga dé orúnkún rẹ. Tì í mọ́ ògiri. Kó gbogbo ohun tó bá wúwo nínú yàrá sínú rẹ̀: bàtà, ìwé, irin ìlọṣọ, ìkòkò. Etí àpótí tó kọjú sí ọ ni kí o kan híńjì mọ́. Àpótí ni yóò máa gbé ibùsùn, ògiri kàn ń bá wọn dúró ni. Tí o bá gbé e dìde, fóòmù á bọ́ sí àyè orí àpótí, láàárín férémù àti ògiri. Fi bẹ́líìtì dè é kó má yọ̀.

Ó ku ìkọ́ kan lókè tí kò ní jẹ́ kó ṣubú síwájú. Ìyẹn nìkan ni ògiri máa dì mú, ṣùgbọ́n igi inú ògiri ni kí o wá. Igi wà níbẹ̀, bí kò bá sí, ògiri náà ì bá ti wó. Bẹ̀rẹ̀ láti igun, máa fi ìka kàn án díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó bá ti ń dún bí agolo, kọjá lọ. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti ki, dúró. Bí kò bá dá ọ lójú, fi àtẹ́lẹ́wọ́ kejì lé ògiri bí o ṣe ń kàn án. Èmi kò lè gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́, àtẹ́lẹ́wọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Di ihò tí o dá sí ògiri onílé, kí o bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje

Bàbá mi, bàbá mi,

Ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá, ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i fún Bàbá Àgbà, kà á sókè. Ó fọwọ́ sí i.

Obìnrin náà wọlé, kò rí ibùsùn, ó ní, "Ibo lọmọ máa sùn?" Mo ṣí ìkọ́, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní kí n gbé e dìde, ó wá ṣí tábìlì fúnra rẹ̀, ó gbé ìwé rẹ̀ lé e, orí tábìlì yẹn náà ló sì ti fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tó fọwọ́ sí i tán, ó tún sọ ibùsùn kalẹ̀, ó tún gbé e dìde, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. Ó bi mí pé ta ló kàn án. Mo ní èmi àti bàbá mi.

Ẹ gbọ́, mo kan ògiri náà fún ọjọ́ méjì. Ìyá onílé gòkè wá, ó bá mi bí mo gbé àtẹ́lẹ́wọ́ lé ògiri tí mo dijú. Ó rò pé àdúrà ni mo ń gbà, ó yọ́ jáde.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ń bọ̀ wálé fún ìsinmi. Òun ló máa mú Ọ̀gá bọ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀gá, dúró níbí, fún Bàbá Àgbà ní ìwé. Bàbá, ìbínú mi ti tán. Ó ti tán kí n tó ka ìwé yín dé ìdajì. N kò mọ bí màá ṣe gba ohun tó jẹ́ tèmi láìjẹ́ pé mo gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ kọ́ mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Ọ̀gá,

Inú àpò ọmọ ni mo fi ìwé yìí sí. Kò sí ọ̀nà tí mo lè kọ́ ọ láti gbà á láìjẹ́ pé o gbà á lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ṣe é.

Ó máa ń bọ́ bàtà láìtú okùn rẹ̀, bá a wí. Bó bá dákẹ́ jù, inú ló ń run ún, kò ní sọ. Kò fẹ́ kí wọ́n di irun rẹ̀ le. Tó bá béèrè ìbéèrè, dá a lóhùn tààrà. Bí o bá ní "a ó máa rò ó," yóò mọ̀ pé irọ́ ni, èmi ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti palẹ̀ ẹrù mọ́ láti àná. Ó ní kí n má fọwọ́ kan àpótí ṣọ́ọ̀kì òun.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ó dé láyọ̀. Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ, ẹnu rẹ̀ sì rí bíi ti màmá. Nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ẹ̀yin ló ń wò kọ́ ẹ̀kọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Màá sọ òótọ́ fún yín. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sunkún yín. Ó ń pè mí ní "Màmá" pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni tó ń rántí ohun tí wọ́n ní kó má gbàgbé. Ó kàn ń wo ibùsùn náà láti òkèèrè. Ó yẹ híńjì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ìkejì wọ́. Ó wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sùn lórí rẹ̀, àga ló ń sùn sí. Mo ń jowú yín, Bàbá. Mo lọ sẹ́nu iṣẹ́, mo ń lọ aṣọ, omi ń bọ́ lójú mi sórí aṣọ àlùfáà kan.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ń ran aṣọ nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí ìkọ́ ṣí. Ó sọ ibùsùn kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sí i, ó dúró. Ó ní, "Màmá, ẹ wá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Bàbá Àgbà ló máa ń wà níbẹ̀ kí n má bàa jábọ́." Mo ní mo tóbi jù fún un. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Mo dùbúlẹ̀, mo ń retí kó já. Kò já. Ó sùn kí n tó rí ibi gbé ọwọ́ mi sí.

Ó ṣì ń béèrè yín láràárọ̀. Lánàá ó ní ṣé òun lè padà sọ́dọ̀ yín tí òun bá ti wo ibí tán. Ẹ bá mi sọ ohun tí màá sọ fún un.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó kàwé rẹ fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ níbi tí oòrùn ti ń ràn, mo fi ojú ara mi kà á, ó gbà mí ní òwúrọ̀ kan gbáko. Ibi tí o ti ní ó pè ọ́ síbùsùn, mo ka ibẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí ìwé.

Ilé dákẹ́, n kò ní parọ́ fún ọ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wọn pákó, mo ní kí Ọ̀gá na ṣọ́ọ̀kì sí mi, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí kí n tó rántí. Oníbàárà kan wà níbẹ̀. Ó ṣe bí ẹni pé kò rí mi.

O ní ó ń béèrè mi láràárọ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn náà ojú tì mí pé inú mi dùn. Sọ fún un pé mo wà, ara mi le, mo ń jẹun. Sọ fún un pé kò sí wíwò tán, pé ilé rẹ̀ ni ó wà yẹn. Yóò sunkún sí i, jẹ́ kó sunkún. Bó bá yá, yóò máa béèrè mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà lóṣooṣù. Má rán an létí ju bó ṣe yẹ lọ nítorí àánú mi.

Má dá a padà. Bí mo bá sì kọ̀wé sí ọ lọ́la pé kí o jọ̀ọ́ dá ọmọ náà padà fún mi, má dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ